Owó Ìjọba fún Ìtọ́jú Ilẹ̀ àti Omi: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Caroline County ní Maryland

Bí ènìyàn bá gba orí afárá Chesapeake Bay kọjá láti ìhà Annapolis, tó sì wakọ̀ lọ síhà ìlà-oòrùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní Caroline County, tí Denton jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ló kún oko, ilé adìyẹ gígùn gbọọrọ sì wà káàkiri láàárín wọn, nítorí oúnjẹ adìyẹ ni ọ̀pọ̀ nínú àgbàdo àti sóyà náà ń dà. Nínú gbogbo káùntì Eastern Shore ti Maryland, èyí nìkan ni kò fara kan Chesapeake Bay tàbí òkun Atlantic, síbẹ̀ omi rẹ̀ ń dé ibẹ̀, nítorí odò Choptank gba inú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní yanrìn púpọ̀. Bí àgbẹ̀ bá da ajílẹ̀ tàbí ìgbẹ́ adìyẹ sí oko ju èyí tí irúgbìn lè lò lọ, náítírójìn inú rẹ̀ a bá òjò rì wọlẹ̀, a dé ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà, a sì bá omi náà dé odò. Ibẹ̀ ló ti ń di oúnjẹ fún ewé omi tíntìntín tó máa ń gbèrú títí tí yóò fi bo ojú omi. Nígbà tí ewé náà bá sì kú tó ń jẹrà, yóò gba afẹ́fẹ́ tí ẹja àti akàn ń mí sínú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìdí tí ìjọba fi ń ná owó yìí kò ní mọ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀. Àwọn kan nínú àwa Yorùbá tó ń gbé ní Baltimore àti Prince George's County ti ń ra ilẹ̀ éékà mẹ́ta tàbí márùn-ún, tàbí kí wọ́n yá a, láti gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata rodo àti ùgwú fún ọjà wa. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìjọba ń fún àgbẹ̀ lówó, ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni owó ìrànwọ́ tí a fi ń ra irúgbìn, tí a fi ń san owó lébìrà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn ilẹ̀ àti omi ni ìjọba fẹ́ wò, àgbẹ̀ tó ni oko ni yóò sì ṣe iṣẹ́ ìwòsàn náà, tí ìjọba yóò fi san púpọ̀ nínú ohun tó ná an. Ẹni tó bá mọ àìsàn tó ń ṣe ilẹ̀ rẹ̀, tó sì lè fi í hàn, òun ni owó náà wà fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ọ́fíìsì tí ẹ ń lọ

Abẹ́ òrùlé kan náà ni ẹ ó ti máa bá ilé iṣẹ́ mẹ́ta pàdé, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ni Farm Service Agency, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FSA. Òun ló ń fún oko ní nọ́ńbà, tó ń yá àgbẹ̀ lówó, tó sì ń kọ iye éékà tí wọ́n gbìn sílẹ̀ lọ́dọọdún. Èkejì ni Natural Resources Conservation Service, ìyẹn NRCS, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ nípa erùpẹ̀, omi, igi àti pápá. Ilé iṣẹ́ méjèèjì yìí jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn rẹ̀ tí a mọ̀ sí USDA. Ẹ̀kẹta ni Soil Conservation District ti káùntì, tí àgbẹ̀ àdúgbò fúnra wọn wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ètò ti ìjọba Maryland máa ń gbà dé ọwọ́ àgbẹ̀.

NRCS ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀dá àti ìtúlẹ̀ láìbìkítà mú kí ẹ̀fúùfù máa gbé erùpẹ̀ oko fò lọ ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí ojú ọ̀run fi ń ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Ní oṣù kẹrin ọdún 1935 ni wọ́n ṣe òfin tó dá Soil Conservation Service sílẹ̀, tí Hugh Hammond Bennett jẹ́ olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1994 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí èyí tí a mọ̀ lónìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ bá àgbẹ̀ nínú oko rẹ̀, kì í ṣe kí àgbẹ̀ nìkan máa wá sí ọ́fíìsì, ẹ̀tọ́ yín sì ni èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè rẹ̀.

Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, kí ẹ gba ọjọ́ àti àkókò. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá bá yín sọ, ẹ béèrè fún ìwé ẹ̀rí pé ẹ wá, èyí tí wọ́n ń pè ní *receipt for service*. Òfin ti sọ ọ́ di dandan fún wọn láti fún àgbẹ̀ ní ìwé yìí, kí ọjọ́ tó wá, ohun tó béèrè àti èsì tí wọ́n fún un lè wà lákọsílẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tí ojú àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti rí nílẹ̀ yìí. Ní 1997, àwọn àgbẹ̀ dúdú pe iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn lẹ́jọ́ pé wọ́n ń fi owó yíyá dù wọ́n nítorí àwọ̀ wọn, ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Pigford. Ní 1999 ni ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní ẹjọ́ tó dára ni kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ láti fi hàn pé àwọn tilẹ̀ béèrè rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gba nọ́ńbà oko

Láìsí nọ́ńbà oko lọ́dọ̀ FSA, kò sí ètò tó lè bẹ̀rẹ̀. Kò sí iye éékà tí ilẹ̀ gbọdọ̀ tó kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ òun kéré jù. Àwọn ohun tí ẹ ó mú lọ ni ìwé ìdánimọ̀, nọ́ńbà Social Security tàbí nọ́ńbà owó orí ti iléeṣẹ́ yín, ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé àdéhùn ìyálẹ̀, àti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tí owó yóò máa wọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ni, ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ìwé tó fi hàn ẹni tó ní àṣẹ láti buwọ́ lùwé. Ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, tó sì ní káàdì ìgbélùú, kò gbọdọ̀ dúró sílé; káàdì náà tó láti fi tọ́rọ.

Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni wọn yóò gbé síwájú yín. CCC-902 ń béèrè bí oko náà ṣe ń ṣiṣẹ́: ta ló ni ilẹ̀, ta ló ń náwó, ta ló ń ṣiṣẹ́. CCC-941 ń béèrè bóyá ohun tó ń wọlé fún yín lọ́dún, bí a bá pín ti ọdún mẹ́ta dọ́gba, ju 900,000 dọ́là lọ. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kò sábà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. AD-1026 ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ. Láti òfin ọdún 1985 ni ìjọba ti sọ pé ẹni tó bá tú ilẹ̀ tí àgbàrá tètè ń wọ́ láìtẹ̀lé ètò ìtọ́jú, tàbí tó fa omi inú irà gbẹ kó lè gbin nǹkan síbẹ̀, yóò pàdánù owó ìjọba lórí gbogbo oko rẹ̀, kì í ṣe lórí ibi tó ti ṣẹ̀ nìkan. Caroline kún fún ibi tí omi máa ń dúró sí nígbà òtútù, tí yóò sì gbẹ nígbà ooru débi pé ojú lásán kò lè mọ̀ pé irà ni. Kí ẹ tó gbẹ́ kòtò ìfami kan, kí ẹ tó hú gbòǹgbò igi kan, ẹ kọ ọ́ sínú AD-1026, kí NRCS wá wò ó.

Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ yíyá ni ẹ wà, ẹ jẹ́ kí ìwé ìyálẹ̀ yín gùn tó iye ọdún tí àdéhùn ìjọba yóò fi wà, kí onílẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fọwọ́ sí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Àdéhùn ẹnu tí a fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣe kò lè gbé ilé ọ̀rá (*high tunnel*), ilé tí a fi ọ̀rá bò láti gbin ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, dúró. Àwọn tí ilẹ̀ wọn jẹ́ ilẹ̀ ìdílé, tí bàbá tàbí ìyá àgbà fi sílẹ̀ láìpín, tí orúkọ olóògbé sì wà lórí ìwé síbẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé òfin ọdún 2018 ti jẹ́ kí FSA lè gba ìwé mìíràn dípò ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dáko níbẹ̀. Àwa tí a mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí dáadáa yóò tètè lóye ìdí tí òfin náà fi ṣe pàtàkì, pàápàá fún àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mú òṣìṣẹ́ NRCS rìn yí oko ká

Níbí ni ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀, ibí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sáré kọjá. Wọ́n á dé ọ́fíìsì, wọ́n á ní, "Mo fẹ́ ilé ọ̀rá," bí ẹni tó wọ ilé oògùn tó ń dárúkọ oògùn kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú oko: pé omi ń dúró ní ìkángun kan lẹ́yìn òjò, pé irúgbìn ń pọ́n lójú níbì kan tó sì dúdú níbòmíràn, pé àgbàrá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà kan tó ń jìn sí i, pé òtútù ń pa ata kí ó tó so tán. Ìwọ̀nyí ni wọ́n fi ń wo oko. Iṣẹ́ tí wọ́n bá dá lábàá ló ń ti ibẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, ẹ rí i pé ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ sì jọ rìn. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀, yóò sì hú erùpẹ̀ odindi kan jáde tó nípọn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Ẹ bá a wò ó. Erùpẹ̀ tó dára a máa fọ́ sọ́wọ́ bí ẹ̀bà tó gbẹ díẹ̀, ihò ekòló a hàn nínú rẹ̀, gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ a sì na tààrà wọ ìsàlẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ a là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, gbòǹgbò tó bá dé ibẹ̀ a ṣẹ́rí sí ẹ̀gbẹ́ nítorí kò rí ọ̀nà wọlẹ̀. Ní ilẹ̀ oníyanrìn bíi ti Caroline, ẹ lè da omi ife kan lé e, kó rì lọ lójú ẹsẹ̀. Omi yẹn ni ọ̀nà tí ajílẹ̀ yín ń gbà lọ. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i kò tún ní nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń sanwó fún ohun ọ̀gbìn tí a fi ń bo ilẹ̀.

Láti inú ìrìn náà ni wọn yóò ti kọ ìwé ètò ìtọ́jú oko fún yín, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ àti irú erùpẹ̀ tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, kò sì di dandan kí ẹ ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú u. Kódà bí ẹ kò bá rí owó gbà lọ́dún yẹn, ìwé yẹn fúnra rẹ̀ níye lórí ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mú ètò tó bá àìsàn ilẹ̀ mu

Ètò NRCS tí àgbẹ̀ kékeré sábà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé ni EQIP (Environmental Quality Incentives Program), tó ti wà láti 1996. Ó ń san apá kan owó iṣẹ́ pàtó tí a dárúkọ: ilé ọ̀rá, ọ̀nà ìbomirin tó ń kán omi sí ìdí irúgbìn, ọgbà tó ń lé ẹran kúrò létí odò, ilé ìkó ìgbẹ́ adìyẹ sí. Ohun tí ètò náà lè san tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ti ṣírò sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò tíì ju ọdún 10 lọ nídìí iṣẹ́ oko, ẹni tó ti ṣe sójà, tàbí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, lè gba tó ìdá 90, ó sì lè béèrè pé kí wọ́n san ó kéré tán ìdajì owó náà ṣáájú kó lè fi ra ohun èlò. Ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ ná an láàárín ọjọ́ 90. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n tún máa ń wo ẹ̀yà àti bóyá ẹni náà jẹ́ obìnrin. Ní oṣù keje ọdún 2025, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kéde pé òun ti pa ìyẹn tì. Nítorí náà, ìtọ́sọ́nà èyíkéyìí tó bá ti pẹ́ ju ìgbà yẹn lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oko, ibẹ̀ sì ni kí ẹ gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ilé ọ̀rá, nítorí òun ló bá oko ẹ̀fọ́ wa mu jù. Ilé gígùn ni, tí a fi páìpù irin tẹ̀ bí ọrun, tí a sì fi ọ̀rá tó nípọn bò, láìsí iná ìmóoru nínú rẹ̀. Ní Maryland, ewédú àti ata rodo tí ìrì dídì ì bá pa ní àárín oṣù kẹwàá lè máa so lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i nínú rẹ̀, a sì lè tètè gbin èyí tó tẹ̀lé e nígbà ìrúwé. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀rá tí NRCS bá san owó rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Inú erùpẹ̀ tàbí ebè àgbékalẹ̀ tó wà pẹ́ títí ni a gbọdọ̀ gbin nǹkan sí, kì í ṣe inú ìkòkò orí tábìlì. A kò gbọdọ̀ so ewúrẹ́ mọ́ inú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di ibi ìkó-katakata-sí. Omi tó ń ṣàn láti orí rẹ̀ sì ní láti ní ibi tó ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe.

CSP (Conservation Stewardship Program), tó jẹ́ ti NRCS bákan náà, wà fún àgbẹ̀ tó ti ń tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó fẹ́ fi kún un. Ọdún márùn-ún ni àdéhùn rẹ̀, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń sanwó. Láti ọdún 2024, ohun tó kéré jù tí wọ́n ń san lọ́dún ti di 4,000 dọ́là, láti 1,500 tó wà tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí fún oko kékeré, tí ètò náà kò tọ́ sí wàhálà rẹ̀ nígbà kan.

CRP (Conservation Reserve Program) yàtọ̀ sí méjèèjì, ọ̀dọ̀ FSA ló sì wà. Láti 1985 ni ìjọba ti ń yá ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ fún ọdún 10 sí 15, kí wọ́n lè fi koríko tàbí igi bò ó dípò irúgbìn. Maryland ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá ìjọba àpapọ̀ da owó pọ̀ lábẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ CREP (Conservation Reserve Enhancement Program), ní 1997, nítorí omi Chesapeake. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ létí ìṣàn omi kan tí àgbàdo kì í ṣe dáadáa lórí rẹ̀, ẹ wo ètò yìí. Àmọ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ ni ilẹ̀ náà tàbí kí ẹ ti máa dá a fún oṣù 12, ó kéré tán, kí ẹ tó béèrè.

Ìjọba Maryland náà ní tirẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ooru, ó máa ń gba orúkọ àgbẹ̀ tó bá fẹ́ gbin ọkà rye, àlìkámà tàbí báálì lẹ́yìn ìkórè láti fi bo ilẹ̀ nígbà òtútù, kí gbòǹgbò wọn lè gba náítírójìn tó ṣẹ́ kù kí ó tó rì lọ. Iye éékà ni wọ́n fi ń sanwó. Ní tiwa, ẹ rántí pé òfin Maryland ọdún 1998 sọ pé oko tó bá ń pa 2,500 dọ́là wọlé lọ́dún, tàbí tó ní ẹran tí ìwọ̀n wọn lápapọ̀ tó 8,000 pọ́ùn, gbọdọ̀ ní ìwé ètò ajílẹ̀. Oko ẹ̀fọ́ éékà kan lè pa 2,500 dọ́là wọlé kí ọjà ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó parí. Àwọn onímọ̀ láti University of Maryland Extension ń kọ ìwé náà fún àgbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. University of Maryland Eastern Shore, tó wà ní Princess Anne, náà ní òṣìṣẹ́ tó ń ran àgbẹ̀ kékeré lọ́wọ́ láti kọ àwọn fọ́ọ̀mù wọ̀nyí. Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n sì mọ ojú oko kékeré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ béèrè, kí ẹ sì dúró

Fọ́ọ̀mù CPA-1200 ni ẹ ó fi béèrè fún EQIP tàbí CSP. Kò sí ìgbà tí wọn kì í gbà á nínú ọdún, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan a máa dá ọjọ́ kan tí yóò kó gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ jọ, láti fún wọn ní máàkì. Èyí tó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ náà yóò dúró de ìkójọ tó tẹ̀lé e. Béèrè ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ọ́fíìsì, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà oko àti àwọn fọ́ọ̀mù FSA ti parí ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń há. Máàkì náà dá lórí bí àìsàn ilẹ̀ ṣe le tó àti bí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yóò ṣe wò ó sàn tó. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń mú un. Bí wọn kò bá mú yín, ẹ ní kí wọ́n sún ìbéèrè náà sí ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó fa máàkì rẹ̀ sílẹ̀.

Owó tó wà nílẹ̀ máa ń pọ̀ sí i tàbí kí ó dín kù bí òfin bá ṣe rí. Òfin kan ní 2022 fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 19.5 dọ́là kún owó àwọn ètò wọ̀nyí, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2025 sì kó èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó tí ètò náà ń gbà láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí wọn kò mú ní ọdún kan lè rí i pé àyè ti gbòòrò ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ náà kí ìwé àdéhùn tó jáde

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti kọ, ẹ má gbàgbé èyí. Iṣẹ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn àti ẹ̀yin tó jọ buwọ́ lu àdéhùn, wọn kò ní san owó rẹ̀. Arákùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa ti gba nọ́ńbà oko, wọ́n ti wá yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì ti sọ fún un pé máàkì rẹ̀ dára. Ó rí páìpù ilé ọ̀rá tó dín owó, ó rà á, ó sì pe àwọn ọ̀rẹ́ wá bá a gbé e dúró lópin ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ojú ọjọ́ dára. Nígbà tí òṣìṣẹ́ dé láti parí ìwé, ó bá irin tó ti dúró gbagidi. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Apá kan péré lára iye iṣẹ́ náà ni ì bá jẹ́ tirẹ̀ láti san, ṣùgbọ́n òun ló san gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí ó ti ṣe gbogbo ohun tó kù dáadáa. Bí ojú ọjọ́ tàbí ọjà bá fẹ́ lé yín sáré, ẹ kọ ìwé béèrè àyè láti ṣáájú bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró de èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀.

Ohun kejì tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí ni wọ́n ń sanwó, iye tí wọ́n sì ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ni wọ́n ń san, kì í ṣe iye tó wà lórí rìsíìtì yín. Bí ẹ bá ná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ ó ru ú. Nítorí náà ẹ wá owó tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí àsanṣáájú, kí ó béèrè rẹ̀ nígbà tó bá ń buwọ́ lùwé. FSA náà ń yá àgbẹ̀ kékeré lówó tó tó 50,000 dọ́là lábẹ́ ètò owó yíyá kékeré, ìwé rẹ̀ kò sì pọ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ẹ ka ìwé ìlànà iṣẹ́ náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní irin báyìí, èyí ni kí ẹ rà. Kí ẹ sì pè wọ́n kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí iṣẹ́ bá parí

Wọn yóò wá wọn ilé tàbí ọgbà tí ẹ ṣe, wọn yóò buwọ́ lù ú, owó yóò sì wọ báńkì. Láti ìgbà yẹn, ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa tọ́jú rẹ̀ fún iye ọdún tó wà nínú àdéhùn. Bí ọ̀rá bá ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ta ilẹ̀ láìjẹ́ kí ẹni tó rà á gba àdéhùn náà sí orúkọ rẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ dá owó padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, fọ́ọ̀mù 1099-G yóò dé. Ẹ fún ẹni tó ń ṣe ìwé owó orí yín, nítorí ìjọba ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba owó orí. Àyè wà nínú òfin láti yọ díẹ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ohun tí a ó san owó orí lé, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìwé oko ni kó ṣe é fún yín.

Ẹ má sì fi irúgbìn tó wà nínú oko sílẹ̀ láìbò. Ẹ̀fọ́ wa kò sábà ní adójútòfò lọ́jà, àmọ́ FSA ní ètò NAP (Noninsured Crop Disaster Assistance Program), tó ń san owó nígbà òfò, fún irú ohun ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀. Owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 325 dọ́là lórí irúgbìn kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ju 825 lọ fún àgbẹ̀ kan nínú káùntì kan. Wọ́n máa ń fi í jin ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oko. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbìn, ẹ jábọ̀ iye éékà tí ẹ gbìn, bí òfò bá sì ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀fọ́ tí a ń fọwọ́ já, wákàtí 72 péré ni ẹ ní láti sọ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín

Ẹ gba èsì náà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, bóyá lọ́dọ̀ ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ National Appeals Division, tí kò sí lábẹ́ FSA tàbí NRCS. Ìwé ẹ̀rí tí ẹ ti ń gbà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ ó kó síwájú wọn níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìpinnu FSA ní káùntì ló ń gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí àgbẹ̀ fúnra wọn dìbò yàn, tí wọ́n ń lo ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà oko, tó sì ń kópa nínú ètò FSA, lè dìbò, ó sì lè gbé àpótí. Oṣù kọkànlá ni ìwé ìdìbò máa ń dé nínú lẹ́tà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni ó gbọdọ̀ ti padà sí ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìwé ìpolówó ni, wọ́n sì máa ń jù ú nù. Ẹ ṣí i, ẹ sàmì sí orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́, ẹ buwọ́ lu ẹ̀yìn àpòòwé náà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó kọjá.